Òkùnkùn Etí Fídíò: Bí A Ṣe Ń Fi Í Sí àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Kúrò Pẹ̀lú FFmpeg

Bí ẹ bá wo fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n yà nínú gbọ̀ngàn, ẹ ó rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé àárín àwòrán náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ojú yín ṣe ń sún lọ sí etí ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi ṣókùnkùn ju ibi yòókù lọ. Òkùnkùn etí yìí ni àwọn oníkámẹ́rà ń pè ní vignette. Lẹ́ǹsì lè fà á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe àtúntò fídíò sì lè mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kí ojú òǹwòran má baà kúrò lára ẹni tó wà láàárín. FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àtúntò fídíò, ní fílítà kan (irinṣẹ́ tó ń yí àwòrán padà) tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, vignette náà ni orúkọ rẹ̀. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè àti ọdún ìbílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò jù lọ nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ máa wọn òkùnkùn náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ojú wa tètè máa ń bá ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ mu, kò sì ṣeé fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ọ̀fẹ́ ni FFmpeg. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń bá iṣẹ́ náà lọ láti ìgbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kò ní bọ́tìnì tí à ń tẹ̀, àṣẹ ni à ń kọ sí i lójú tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé kọ̀ǹpútà tí a ń kọ àṣẹ sí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá fílítà náà wà nínú èyí tí ẹ ní:

ffmpeg -h filter=vignette

Bí ó bá wà, gbogbo ohun tí ẹ lè yí padà nínú rẹ̀ yóò jáde: angle, x0, y0, mode, eval, dither àti aspect. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni a óò lò nínú wọn.

Ohun tó ń fa òkùnkùn náà

Ó yẹ kí a mọ ohun tó fà á, nítorí kì í ṣe gbogbo òkùnkùn etí ni fílítà lè tún ṣe. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á.

Èkíní ni ti ìṣẹ̀dá ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó dé àárín kámẹ́rà wọlé tààrà, èyí tó dé etí wọlé ní ìdagun, nítorí náà kò lè lágbára bíi ti àárín. Ìmọ́lẹ̀ yìí ń dín kù gẹ́gẹ́ bí cosine ìdagun náà nígbà tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ fún ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. Orí òfin yìí gan-an ni wọ́n kọ́ fílítà vignette lé. Èkejì ni ti ara lẹ́ǹsì: bí ẹ bá ṣí ojú lẹ́ǹsì gbayawu, bíi f/1.8, ìgbátí lẹ́ǹsì náà yóò dí díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí etí. Bí ẹ bá pa á dé sí f/4 tàbí f/5.6, òkùnkùn yìí yóò dín kù gan-an, kódà kí ẹ tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí a fọwọ́ ara wa gbé síwájú lẹ́ǹsì, irú bí ìbòrí tó gùn jù tàbí gíláàsì méjì tí a dè léra wọn. Irú èyí máa ń jẹ́ kí igun àwòrán dúdú pátápátá, kò sì sí fílítà tó lè dá a padà, nítorí pé kò sí àwòrán kankan nínú dúdú náà. Gígé etí rẹ̀ kúrò nìkan ni ọ̀nà àbáyọ (iw dúró fún ìbú àwòrán, ih dúró fún gíga rẹ̀):

ffmpeg -i ayeye.mp4 -vf "crop=iw*0.94:ih*0.94,scale=1920:1080" -c:v libx264 -crf 18 -c:a copy esi.mp4

Ìtumọ̀ nọ́ńbà angle

Angle ni ọkàn fílítà yìí. Radian ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èyí ló fà á tí ẹ ó fi máa rí PI nínú rẹ̀. PI jẹ́ dígírì 180, nítorí náà PI/5 jẹ́ dígírì 36. Bí ẹ kò bá kọ nọ́ńbà kankan, PI/5 yìí ni fílítà náà yóò lò. Láàárín àwòrán, kò ní dín ohunkóhun kù. Ní ìkángun igun, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó máa kù nìyí: PI/10 yóò fi nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, PI/8 yóò fi 73 sílẹ̀, PI/6 yóò fi 56 sílẹ̀, PI/5 yóò fi 43 sílẹ̀, PI/4 yóò fi 25 péré sílẹ̀, bí ẹ bá sì lò PI/3, díẹ̀ ló máa fi ju 6 lọ, èyí tí ojú yóò rí bíi dúdú lásán. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sí ibi tí ẹ ti lè tètè rí wọn, nítorí pé wọn kan náà ni ẹ ó lò nígbà tí ẹ bá ń mú òkùnkùn kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ fi òkùnkùn etí kún fídíò

Ẹ má ṣe dán an wò lórí fídíò odidi ayẹyẹ. Ẹ kọ́kọ́ gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá jáde:

ffmpeg -ss 00:03:20 -t 10 -i igbeyawo.mp4 -c copy idanwo.mp4

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ffplay, ètò ìwo-fídíò tó ń bá FFmpeg wá, wo bí yóò ṣe rí láìkọ fáìlì tuntun kankan:

ffplay -vf vignette=PI/8 idanwo.mp4

Ẹ yí nọ́ńbà náà padà títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tó wá ṣe odidi rẹ̀:

ffmpeg -i igbeyawo.mp4 -vf "vignette=angle=PI/8" -c:v libx264 -crf 18 -preset medium -c:a copy esi.mp4

Níbí, -crf 18 ló ń pa ojúlówó àwòrán mọ́. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe máa dára tó, tí fáìlì sì máa tóbi tó. 23 ni FFmpeg máa ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ -c:a copy sì ń gbé ohùn kọjá bó ṣe wà, kí ìlù àti orin má baà bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ tí kò kàn wọ́n.

Ní tèmi o, PI/5 tí fílítà náà máa ń lò fúnra rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ayẹyẹ Yorùbá. Ó dára fún ẹnì kan tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n etí àwòrán kì í ṣófo níbi ìnáwó wa: ibẹ̀ ni àwọn onílù máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni àwọn ẹbí tó wọ aṣọ ẹbí jókòó sí, ibẹ̀ sì ni ìyá àgbà tí wọ́n gbé àga fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wà. Bí ẹ bá fi ìdá 43 péré sílẹ̀ fún wọn, aṣọ òkè olówó iyebíye tí wọ́n wọ̀ yóò di àwọ̀ eérú, ẹni tó sanwó fún fídíò náà kò sì ní rí àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ dúró láàárín PI/10 àti PI/8 fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Fún ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni bá dé Adé Àrè tí wọ́n sì ń lọ sí Òkè Mògún, èmi kò ní fi òkùnkùn etí kankan sí i, nítorí ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó kún ojú ọ̀nà jẹ́ ara ìtàn ọjọ́ náà bí ọba ṣe jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí òkùnkùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ báyìí:

-vf "vignette=angle='PI/8*min(t/3,1)':eval=frame"

Lẹ́tà t dúró fún àkókò fídíò ní ìṣẹ́jú àáyá, eval=frame sì ń sọ fún fílítà pé kí ó ṣe ìṣirò náà lórí férémù kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń fa iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má ṣe lò ó níbi tí nọ́ńbà kò ti yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ apá kan péré ni ẹ fẹ́ fi òkùnkùn sí, bíi ìgbà tí alága ń sọ̀rọ̀:

-vf "vignette=PI/6:enable='between(t,40,95)'"

Nígbà tí ohun tí ẹ ń yà kò sí láàárín

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ya Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíga tó ju mítà 5 lọ, ẹ sì fi í sí ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán láti apá òsì, kí ọgbà tó yí i ká lè hàn ní ọ̀tún. Fílítà náà ní x0 àti y0 tí a fi ń gbé àárín òkùnkùn lọ sí ibòmíràn, ohun tí yóò sì wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a kọ x0=w/3 (w ni ìbú àwòrán). Ẹ dán an wò pẹ̀lú ffplay: apá ọ̀tún yóò dúdú kirikiri. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdajì ìlà tó ti igun kan dé igun kejì àwòrán ni fílítà fi ń wọn ọ̀nà jíjìn, ibikíbi tó bá sì jìnnà sí àárín tuntun ju èyí lọ, òdo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nínú àwòrán 1920 sí 1080, ìdajì ìlà yìí jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 1101. Láti 640 tí òkúta wà dé etí ọ̀tún sì jẹ́ 1280.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ fẹ àwòrán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí òkúta yóò fi bọ́ sí àárín gbùngbùn, kí a fi òkùnkùn sí i, kí a sì gé àlékún náà kúrò:

ffplay -vf "pad=iw*4/3:ih:iw/3:0,vignette=PI/6,crop=iw*3/4:ih:iw/4:0" opa.mp4

Pad ló ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún apá òsì, crop ló sì ń gé e padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtilẹ̀wá. Ìmọ́lẹ̀ yóò wà lára òkúta náà, ọgbà yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀tún, kò sì ní sí ibi tó dúdú lójijì. Bí ohun tí ẹ ń yà bá wà ní apá ọ̀tún, ẹ kọ òdo dípò iw/3 nínú pad, kí ẹ sì kọ òdo dípò iw/4 nínú crop.

Bí ẹ bá fẹ́ mú òkùnkùn etí kúrò

Fílítà yìí kò lè fúnra rẹ̀ mọ bí òkùnkùn inú fídíò ti pọ̀ tó. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un, bí ẹ bá sì fojú bù ú, ẹ ó fi àbùkù kan rọ́pò òmíràn. Wíwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro.

Ẹ mú kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì tí ẹ fi ya ayẹyẹ náà, kí ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì sí ìwọ̀n tó wà ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi zoom sí ibi tó wà. Ẹ na aṣọ funfun tó mọ́, tí kò ní iṣẹ́ ọnà lára, bo ojú lẹ́ǹsì náà, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tí ìkùukùu bò, kí ẹ sì ya nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ojú ọ̀run àsìkò ọyẹ́ ní Ifẹ̀ dára púpọ̀ fún èyí, nítorí pé eruku máa ń jẹ́ kí ó funfun bákan náà níbi gbogbo. Ẹ má ṣe kọjú sí ibi tí oòrùn wà, ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán náà funfun débi pé kò ní ṣeé wọ̀n.

Ẹ pe fáìlì náà ní funfun.mp4, kí ẹ wọn àárín rẹ̀:

ffmpeg -ss 2 -i funfun.mp4 -vf "crop=100:100,signalstats,metadata=print" -frames:v 1 -f null -

Ẹ ó rí ìlà púpọ̀. Èyí tí ẹ ń wá ni lavfi.signalstats.YAVG, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú àpótí kékeré tí a gé jáde. Ó yẹ kí ti àárín yìí wà láàárín 150 àti 200. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn igun òkè ní òsì:

ffmpeg -ss 2 -i funfun.mp4 -vf "crop=100:100:0:0,signalstats,metadata=print" -frames:v 1 -f null -

Ẹ ṣe igun mẹ́ta yòókù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí ẹ máa fi iw-100:0, 0:ih-100 àti iw-100:ih-100 dípò 0:0. Bí igun kan bá yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ da kámẹ́rà sorí kodò, kí lẹ́ǹsì ṣì kọjú sí ibi kan náà, kí ẹ tún un yà. Bí òkùnkùn bá ṣì wà ní igun kan náà lójú àwòrán, lẹ́ǹsì ló ni ín. Bí ó bá bọ́ sí igun òdìkejì, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ni kò dọ́gba.

Ká ní àárín jẹ́ 180, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà ní nǹkan bíi 120. A kò nílò láti ṣe ìṣirò kankan, nítorí pé fílítà náà gba ìṣirò wọlé sínú angle:

ffmpeg -i igbeyawo.mp4 -vf "vignette=angle='acos(sqrt(sqrt(120/180)))/0.94':mode=backward" -c:v libx264 -crf 18 -c:a copy esi.mp4

Mode=backward ló ń yí iṣẹ́ fílítà padà, tí yóò fi máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí etí dípò kí ó máa mú un kúrò. A fi 0.94 pín in nítorí pé àárín àpótí tí a wọ̀n kò dé ìkángun igun gan-an. Ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ló wà. Fún àwòrán 1920 sí 1080 ni nọ́ńbà yìí bá a mu. Bí fídíò yín bá jẹ́ 3840 sí 2160, ẹ lo àpótí 200 sí 200, 0.94 náà yóò sì ṣì tọ́.

Kí ẹ tó lò ó lórí fídíò ayẹyẹ, ẹ lò ó lórí funfun.mp4, kí ẹ sì tún igun wọ̀n lẹ́yìn tí ó ti gba inú fílítà kọjá:

ffmpeg -ss 2 -i funfun.mp4 -vf "vignette=angle='acos(sqrt(sqrt(120/180)))/0.94':mode=backward,crop=100:100:0:0,signalstats,metadata=print" -frames:v 1 -f null -

Ó yẹ kí èsì rẹ̀ sún mọ́ 180. Ẹ wọn àárín etí òkè pẹ̀lú, ìyẹn (iw-100)/2:0, nítorí pé kì í ṣe gbogbo lẹ́ǹsì ló ń tẹ̀ lé òfin cosine náà pátápátá. Bí igun bá ti dọ́gba ṣùgbọ́n tí etí òkè mọ́lẹ̀ ju àárín lọ, ẹ dín angle kù díẹ̀ nípa fífi *0.95 kún ìparí ìṣirò náà. Ó sàn kí òkùnkùn díẹ̀ ṣẹ́ kù ju kí etí mọ́lẹ̀ ju àárín lọ, nítorí pé ojú èèyàn ti mọ òkùnkùn etí lára, ṣùgbọ́n etí tó ń dán yọ máa ń yà á lẹ́nu lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fi fóònù ya fídíò, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ti ń tún òkùnkùn yìí ṣe nínú ara wọn kí fídíò tó dé inú fódà. Bí igun bá ti tó ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àárín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí a bá gbé ìmọ́lẹ̀ etí sókè, gbogbo ohun tó wà nínú òkùnkùn náà là ń gbé sókè, títí kan àwọn èérún wẹ́wẹ́ tó máa ń rìn lórí àwòrán tí a yà lálẹ́. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n fún PI/4, ìlọ́po mẹ́rin ni ní ìkángun igun, èérún náà yóò sì hàn kedere nínú fídíò tí a yà ní gbọ̀ngàn ìṣeré Odùduwà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ fi fílítà mìíràn tó ń jẹ́ hqdn3d ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ pé "hqdn3d,vignette=…", kí èérún náà lè dín kù kí a tó gbé ìmọ́lẹ̀ sókè. Ibi tó ti funfun tẹ́lẹ̀, bí ojú ọ̀run ọ̀sán, kò tún ní ibi tí yóò lọ. Àwọn ìkùukùu tó wà ní igun lè parẹ́ sínú funfun.

Òkùnkùn lẹ́ǹsì tún máa ń yí padà bí a bá fa zoom tàbí bí a bá yí ojú lẹ́ǹsì padà, nítorí náà nọ́ńbà kan kò lè tọ́ fún odidi ayẹyẹ tí kámẹ́rà ti ń sún mọ́ èèyàn tó sì ń jìnnà. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n zoom tí ẹ lò jù, kí ẹ sì fi enable yan apá tí ẹ ó tún ṣe. Fílítà náà tún ń ṣiṣẹ́ ní bit 8 nìkan (bit ló ń sọ iye ìpele àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí fídíò lè ní). Fídíò tí a yà ní bit 10 yóò di bit 8 bí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ pa ojúlówó rẹ̀ mọ́.

Ipò tí fílítà wà ṣe pàtàkì. Yàtọ̀ sí hqdn3d, mímú òkùnkùn kúrò gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo nǹkan, kí a tó gé àwòrán tàbí yí àwọ̀ rẹ̀ padà, nítorí pé àárín àwòrán tí a ti gé lè má jẹ́ àárín lẹ́ǹsì mọ́. Fífi òkùnkùn kún un ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ tò wọ́n báyìí:

-vf "vignette=angle='acos(sqrt(sqrt(120/180)))/0.94':mode=backward,eq=saturation=1.1,vignette=PI/10"

Iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí púpọ̀ lórí fídíò ayẹyẹ tó gùn, iná sì lè lọ kí ó tó parí. Bí ó bá lọ nígbà tí FFmpeg ń kọ fáìlì mp4, fáìlì náà kò ní ṣí mọ́, nítorí pé ìparí iṣẹ́ ni ó máa ń kọ atọ́ka tí a fi ń ṣí i. Ẹ kọ èsì yín sí mkv dípò rẹ̀, ìyẹn esi.mkv; apá tó ti parí nínú rẹ̀ yóò ṣì ṣeé wò bí iná bá tilẹ̀ lọ lójijì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ sọ ọ́ di mp4 láìtún àwòrán kọ, èyí tí kì í pẹ́ rárá:

ffmpeg -i esi.mkv -c copy esi.mp4